Káàdì Inú Báàgì Alhaja

"Ó ní òfin wo la rú?" Alhaja Sèlíátù bèèrè. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún wo ojú kọ̀ǹpútà náà dáadáa. "Nínú ilé ìgbẹ̀bí tèmi?"

Baseerah, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà kọ, pé àṣẹ tí wọ́n pa fún òun kò bófin mu. Ó kọ ọ́ tán, ó dákẹ́.

Mojúbàolú kò rẹ́rìn-ín. Láti Ìkòròdú ló ti wá sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ Sátidé yẹn, kó tó jókòó ló sì ti fọ́nnu pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lòun máa lò. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ kan ní Industrial Estate, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ níbẹ̀ pé iṣẹ́ tí Mojú bá gbà, ó ti parí nìyẹn. Ó tún ní kí ètò kọ̀ǹpútà tó gbé wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kọ̀ǹpútà tún sọ ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ilé ìgbẹ̀bí méjì ni Alhaja ní, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, èkejì nítòsí ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, níbi tí dókítà ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí, ni wọ́n máa ń kó àkọsílẹ̀ àwọn aláboyún sí láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tí wọ́n fi rán gbàgbé ọ̀kan sínú bọ́ọ̀sì. Àwọn kan he é, wọ́n ṣí i wò, kò sì pẹ́ tí ìyá ọkọ aláboyún kan tó ń jẹ́ Fàlílátù fi gbọ́ lọ́jà ẹja pé ìyàwó ọmọ òun ti bímọ kan rí kó tó délé wọn. Ilé bàbá rẹ̀ ni Fàlílátù wà báyìí pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ.

Láti ọjọ́ náà ni Alhaja ti kó káàdì gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹgẹ́ sínú báàgì ara rẹ̀. Ibi tó bá ń lọ, báàgì ń bá a lọ, kódà bó bá fẹ́ ṣàlùwàlá. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún Fàlílátù lóṣù tó ń bọ̀, dókítà Ìkòròdú sì gbọ́dọ̀ mọ bí ìbí àkọ́kọ́ ṣe lọ. Mojúbàolú ló sọ pé òun mọ ètò kan tó lè ti àkọsílẹ̀ pa débi pé ẹni tó bá he dísíkẹ́ẹ̀tì, kántankàntan ló máa bá níbẹ̀. Alhaja ní bí kò bá ṣeé ṣe lónìí, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò níwájú òun.

"Níbo lo ti ṣe ètò ọ̀hún?" Alhaja bèèrè.

"Ibi iṣẹ́ wa ni, Màmá. Bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe máa ń fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ló máa yí i sí èdè tiẹ̀ kó tó ṣeé lò. Kọ̀ǹpútà tuntun wa ni mo fi yí i, torí ó yára."

"Èdè ta ló wá yí i sí?"

"Ti tuntun yẹn," Mojúbàolú wí, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Aṣọ mi lo fẹ́ rán," Alhaja wí, "ara ọmọge lo lọ wọ̀n. O wá ń bínú pé kò wọ̀ mí."

Ojú ti Mojúbàolú gidi. Ohun tó mọ̀ ni, ìwàǹwára ló jẹ́ kó gbàgbé. Kọ̀ǹpútà tuntun ti fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún ètò náà, ọgbọ́n tí èyí tí wọ́n ti ń lò ní Ẹ̀pẹ́ láti ọdún 1998 kò ní rárá. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pẹ́ lára rẹ̀. Bó bá ti mọ ibi tí nǹkan ti bà jẹ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà yín yìí gan-an ló máa fúnra ẹ̀ yí i, Màmá. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí i, tí àgùnbánirọ̀ tó bá yín ṣiṣẹ́ nígbà kan fi sílẹ̀, ṣì wà nínú ẹ̀. Ó kàn máa pẹ́ ni, ó lè tó ìrun Alásàrí."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti di Alásàrí. Lọ́jọ́ tí mo gbẹ̀bí ẹ náà, ìyá ẹ ní o ti ń bọ̀. Ọjọ́ kejì lo tó dé."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń yọ lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, á dúró, á tún rìn. Baseerah jáde lọ wọn àwọn aláboyún, ó padà wá, ó tún jáde. Nǹkan bí aago kan, iná lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Alhaja yọjú lẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà lábíyá rẹ̀. "Mojú, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ la tún máa padà sí?"

"Rárá, Màmá. Apá tó bá ti ṣe tán ti wà ní ìpamọ́. Ibi tó dé náà ló ti máa tẹ̀ síwájú."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Alhaja wò ó bó ṣe máa ń wo aláboyún tó bá ní òun lè dá dìde. "Baseerah, ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀."

Ẹnu ya Baseerah, nítorí ìgbà tí ẹnìkan bá ń rọbí nìkan ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án. Mojúbàolú pàṣẹ kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà fo gbogbo èyí tó ti ṣe, ó dé ibi tí iná ti lọ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó tiẹ̀ ṣe dá a lójú tó, Mojúbàolú mí kanlẹ̀.

Kó tó di Alásàrí, kọ̀ǹpútà yí i tán, ètò náà sì ṣiṣẹ́. Kò dárúkọ òfin kankan.

"Ọ̀rọ̀ àṣírí tí a máa fi ṣí i ló kù, Màmá. Ẹ fúnra yín lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Dókítà náà máa ní tiẹ̀ tó máa fi kà á ní Ìkòròdú." Mojúbàolú dìde, ó kọjú sí fèrèsé.

Ìka kan ni Alhaja ń fi tẹ̀ ẹ́, ó sì pẹ́. "Ìwọ náà ò ní mọ̀ ọ́n?"

"Kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n."

"Bí mo bá gbàgbé ńkọ́?"

"Ẹ má gbàgbé, Màmá. Yàtọ̀ sí dókítà, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i, èmi gan-an ò lè ṣí i."

Ìdáhùn yìí ló fi Alhaja lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ. Ó ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ kan dán an wò. Wọ́n tì í pa sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí Baseerah kà á. Baseerah tẹjú mọ́ ọn títí.

"Mi ò lè kà á, Màmá."

Alhaja ti ilẹ̀kùn. Ó gbé báàgì sórí tábìlì, ó sì kó àwọn káàdì jáde. Ti Fàlílátù ló wà lókè. Ó mú un.

"Mo lọ kí i lánàá. Ó ní bó bá ti dá mi lójú, kí n jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́." Ó nà án sí Baseerah. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Má fo nǹkan kan."

Ó fi báàgì kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì jáde lọ ṣàlùwàlá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.