Ẹni Tó Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè. Ìgbà tí bàbá wa kú ni ìwà náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí èmi ṣì kéré, ó sì bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú dé ìlú òkèèrè tí a wá fi ṣe ilé. Bí wọ́n bá pè é síbi ìgbéyàwó, á gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání nínú ike, á jókòó sí kọ̀rọ̀, á máa jẹ ẹ́ bí ẹni tó jí i. Bó bá sì di dandan kí èmi àbúrò rẹ̀ jẹ nǹkan tí àjèjì fọwọ́ kàn, òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Á fi ṣíbí bu díẹ̀, á dijú, á dúró bí ẹni tó ń retí kí ilẹ̀kùn kan ṣí. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó dáa, máa jẹ."

A ti dàgbà nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyàwó tèmi náà ti ṣáájú, a wá jọ ń gbé ilé oníyàrá méjì kan, lókè pátápátá, tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ púlọ́ńbà ni. Ní ìlú yẹn, bí èèyàn bá ti tó ọjọ́ orí kan, ọsibítù á ránṣẹ́ pè é pé kó wá kí àwọn fi kámẹ́rà wo ìfun rẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le bí òkúta. Ihò ìdí ni kámẹ́rà náà ń gbà wọlé. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí títí. Ó ní gbogbo ayé mi ni mo fi yọjú wo páìpù onípáìpù, ẹ̀san wá dé wàyí.

Nọ́ọ̀sì tó pè mí lórí fóònù bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ṣàìsàn ìfun rí. Mo ní rárá. Ó bi mí pé kí ló pa bàbá mi. Mo ní oúnjẹ ni. Ó rò pé mo ń sọ pé ó jẹ àjẹjù, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì kọjá sórí ìbéèrè míràn. N kò pa irọ́ fún un. Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni mo sọ.

Ìyá tó bí wa kò pẹ́ láyé lẹ́yìn tó bí mi. Bàbá fẹ́ obìnrin míràn, aránṣọ, a sì ń pè é ní Màmá Kékeré. Ó bí ọmọkùnrin kan. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sí mi. Aṣọ ilé ìwé mi kì í ya kó sùn mọ́jú láìlẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu ẹ̀jẹ̀. Ó gbẹ bí igi ìdáná, ikùn rẹ̀ nìkan ló ń wú. Màmá Kékeré ló ń se gbogbo ohun tó ń jẹ, òun náà ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ nígbà tí ọwọ́ kò gbé ṣíbí mọ́. Nígbà tí Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti di ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà, dìde láàárín àwọn àgbà ẹbí. Ó ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó ní ọwọ́ tó sè é náà ló fi nǹkan sí i. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló rí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá Kékeré síta, òjò sì ń rọ̀ sí i. Obìnrin náà fi ọ̀já gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó fi aṣọ kan bo ẹ̀rọ náà bí ẹni bo òkú, ó sì lọ wá ẹni tí yóò bá a rù ú. Láti ọjọ́ náà la ò ti bá wọn pàdé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí oògùn.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò náà, n kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan àfi tíì tí kò ní mílíìkì àti omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sán, mo da ìyẹ̀fun tí ọsibítù fún mi sínú jọ́ọ̀gì, mo pò ó mọ́ omi. Oògùn tó ń gbá inú ni, kí ìfun lè mọ́ tónítóní. Mo fẹ́ gbé e sẹ́nu ni ẹ̀gbọ́n mi dá mi lẹ́kun. Ó ní ta ló mọ ohun tí wọ́n dà sí i. Mo ní ọsibítù ni. Ó ní ọsibítù kì í ṣe ọmọ ìyá òun. Ó mú ṣíbí, ó tún gbé e jù sílẹ̀, ó ní nǹkan burúkú kì í fara hàn nínú ṣíbí kan. Ó gba jọ́ọ̀gì náà, ó bu kọ́ọ̀bù kan kún, ó dà á sọ́nà ọ̀fun, ó dijú, ó dúró.

"Ó dà bí omi òkun tí wọ́n fi ọsàn tàn jẹ," ó ní. "Máa mu."

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn tó ń retí láti ọdún wọ̀nyí fi ṣí lóòótọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo jókòó nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rìn wá rìn lọ ní kọ́rídọ̀.

"Àbúrò mi, ṣé ilé lò ń kọ́ síbẹ̀ ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló ní kí ẹ tọ́ ọ wò?"

"Jáde, àbí kí n ṣe é sínú báàgì irinṣẹ́ rẹ."

Báyìí la ṣe ń pààrọ̀ ara wa títí ilẹ̀ fi ṣú, tí à ń rẹ́rìn-ín tí à ń bú ara wa. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà míì tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, inú kọ́rídọ̀ yẹn ni mo máa ń rí i, tó fọwọ́ di ikùn mú, tó ń sáré.

Ní ọsibítù, òfin ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá, kó sì mú un lọ sílé, nítorí abẹ́rẹ́ oorun. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga ike pẹ̀lú oúnjẹ tirẹ̀ lórí itan. Wọ́n wọ̀ mí ní aṣọ tí kò ní ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò gbé mi lọ pátápátá; mo ń rí ojú ẹ̀rọ bí ẹni tó ń lá àlá. Páìpù pupa kan ni, ó ń dán, ó ń kọrí síbí, ó ń kọrí sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà mo rí àwọn nǹkan tó hù lára rẹ̀ bí olú tó hù lára igi jíjẹrà. Ọwọ́ dókítà dúró.

Mo ti rí irú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí omi kò bá lọ mọ́ nínú ilé alájà púpọ̀, ará òkè á ní ará ìsàlẹ̀ ló da nǹkan sí i, ará ìsàlẹ̀ á ní ará òkè ni. Wọ́n á ti bú ara wọn dé orí ìyá kí n tó dé. Mo gé páìpù náà nígbà púpọ̀, tí n kò bá nǹkan kan tí ènìyàn jù sí i. Páìpù fúnra rẹ̀ ló dógùn-ún láti inú wá.

Nígbà tí ojú mi dá, dókítà náà, obìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ wa, pe àwa méjèèjì wọ yàrá rẹ̀. Ó ní òun ti gé gbogbo wọn kúrò, orí ló yọ mí. Ó ní bí a bá fi irú wọn sílẹ̀, jẹjẹrẹ ni wọ́n ń dà, wọ́n sì máa ń wà nínú ẹbí. Ó tún bèèrè nípa bàbá wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. Ó ní wọ́n fi nǹkan sínú oúnjẹ rẹ̀ ni.

Dókítà kò jiyàn. Ó rọra bi í bóyá Bàbá ṣu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó rù? Bẹ́ẹ̀ ni. Ikùn rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wú nígbẹ̀yìn? Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílẹ̀ débi pé orí ló fi dáhùn.

"Mà, n kò rí bàbá yín, n kò lè búra," dókítà ní. "Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yìí, inú ara ló ti ń hù. Kì í ṣe oúnjẹ."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Àìmọye ìgbà ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi òwe yẹn bú Màmá Kékeré létí mi. Mo wojú rẹ̀, ó yí ojú sí ògiri.

Dókítà ní kí gbogbo ọmọ bàbá wa lọ ṣàyẹ̀wò kíákíá. Ó bi wá bóyá a ní àbúrò míràn.

"Rárá," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"A ní," ni mo wí.

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi ní dókítà náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò lè búra. Gbólóhùn yẹn ló dì mú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èmi wá nọ́ńbà Màmá Kékeré àti ọmọ rẹ̀ kiri lọ́dọ̀ àwọn ìbátan títí mo fi rí i.

Màmá Kékeré ló gbé fóònù. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Kò bú mi, kò sì dáhùn ìkíni.

"Ohùn bàbá rẹ lo fi ń sọ̀rọ̀," ó ní. "Ta ló kú?"

Mo ní kò sí ẹni tó kú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àyẹ̀wò, olú inú ìfun, ọ̀rọ̀ dókítà. Ó gbọ́ ọ tán.

"Gbogbo ọdún yìí ni mo ti ń retí kí ẹnì kan nínú yín pè mí, kó sọ pé èmi kọ́," ó ní. "N kò mọ̀ pé ó dìgbà tí ẹ̀rọ bá gba ìdí rẹ wọlé kí ẹ tó mọ̀."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní àbúrò mi ti ń ṣu ẹ̀jẹ̀, kò sì gbà láti lọ sí ọsibítù. Àbúrò mi ní ìyàwó òun ló ń fún òun ní nǹkan jẹ, bí wọ́n ṣe pa bàbá òun ni wọ́n fẹ́ pa òun. Ó ti lé ìyàwó náà jáde. Màmá Kékeré ní bí inú bá bí i, a máa wo òun ìyá rẹ̀ pàápàá pẹ̀lú ojú kan tí òun mọ̀, ojú tí wọ́n fi wo òun lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ sí ẹ̀rọ òun.

"Kò ní gba tèmi gbọ́. Fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní fóònù. Ẹnu tó dì í ni kó tú u."

Mo gbé fóònù lé tábìlì, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Màmá Kékeré pe ọmọ rẹ̀ sídìí fóònù; a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀, a gbọ́ tí ọkùnrin kan mí. Ẹ̀gbọ́n mi kí i, ó bèèrè ara. Ó ní kó lọ ṣàyẹ̀wò, nǹkan tó wà nínú ẹbí ni.

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò wa ní, "ṣé ìyá mi kò ṣe é?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìka gbá nǹkan tí kò sí lórí tábìlì.

"Dókítà ló ní kò ṣe é."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi kì í ṣe dókítà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun," ó ní, fóònù sì kú.

Kò lọ. Oògùn tí yóò mú kó pọ májèlé náà ló ń mu kiri, tó ń bì, títí kò fi sí ohun tó lè bì mọ́. Ó kú kí àyẹ̀wò mi kejì, tí dókítà ní kí n padà wá ṣe, tó pé. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ wá síbi ìsìnkú, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ìta géètì ló dúró sí.

Lọ́jọ́ tí a gbọ́, mo ń se ìrẹsì. Mo bu tèmi sínú àwo, mo gbé e kalẹ̀, mo lọ bu omi. Nígbà tí mo padà, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó ti àwo náà, ó ń jẹ. Kò dijú, kò dúró. Mo bi í pé ṣé kò ní kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Kò sí ẹni tó fẹ́ pa wá rí," ó ní.

Gbólóhùn tí àbúrò wa dúró dè lórí fóònù nìyẹn, èmi ló sọ ọ́ fún. Ó jẹ ìrẹsì náà tán, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.