Àgádágodo Kan fún Ẹni Méjì

"Ẹ tan iná yẹn, ẹ jọ̀ọ́! Àbí ẹ fẹ́ ká sùn síbí ni?"

Máníjà ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà yàrá iná. Oníṣẹ́ iná ti ṣí àgádágodo kúrò lára súìṣì ńlá, ó ti di ọwọ́ irin rẹ̀ mú. Ó ku kó gbé e sókè, ni àyà rẹ̀ bá já.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dà?"

"Ó ti ṣe tán. Mo rí i níta lẹ́ẹ̀kan."

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń tún pánẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iná fún àwọn ẹ̀rọ ṣe. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kí kálukú fi àgádágodo tirẹ̀ ti súìṣì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó ni ín, kí ẹnikẹ́ni má baà tan iná pa ẹni tó wà nídìí wáyà. Ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fi tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé láàárọ̀. Oníṣẹ́ iná sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Olè lò ń ṣọ́ ni àbí ìyàwó? Fi sílẹ̀ jàre, tèmi tó àwa méjèèjì." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà!

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Máníjà nawọ́ sí súìṣì. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Oníṣẹ́ iná ti àgádágodo padà, ó sì sáré jáde. Lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ó rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, orí àti apá rẹ̀ méjèèjì wà láàárín àwọn wáyà, ó sì fi nǹkan dí etí nítorí ariwo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kejì. Ó fà á lẹ́wù jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Mo rántí nọ́ọ̀tì kan tí mi ò tíì dè le, ni mo ṣe padà wá."

Oníṣẹ́ iná jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di apá ọmọkùnrin náà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Máníjà yọjú. "Ṣé ká wá tan án báyìí?"

"Rárá. Ó di ìgbà tó bá lọ mú àgádágodo tirẹ̀ wá, tó fi ti súìṣì, tó sì parí iṣẹ́ rẹ̀."

Máníjà pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ iná yọ fóònù, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ohùn yín ń gbọ̀n. Ṣé kò sí o? Àbúrò mi ńkọ́? Kí ló ṣe é?"

"Nǹkan kan ò ṣe é. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á."