Dádì Nínú Ìró Mọ́mì

Iṣẹ́ tí Màám Mokoena gbé fún àwọn ọmọ kíláàsì fọ́tò yíyà kò le rárá: kí oníkálukú lọ ya ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn tí àlejò kì í rí. Lọ́dún 2014 ni, ní ilé ìwé girama kan nítòsí pápá ìṣeré Ellis Park. Ọmọ kan ya ajá tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Òmíràn ya abẹ́ àga tí wọ́n ń gbá ìdọ̀tí sí. Lọ́lá ní tirẹ̀ ya bàbá rẹ̀, ni wàhálà bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fọ́tò náà ṣe rí ná. Akínfẹ́mi, bàbá Lọ́lá, akáńtáǹtì ni, àgbà ìjọ ni, ọkùnrin tó ń de táì lọ ra búrẹ́dì ni. Nínú fọ́tò yìí, táì ti fò lọ. Ìró ìyàwó rẹ̀ ló ró mọ́ àyà, ó fi ìborùn wé orí, ó yọ ahọ́n síta díẹ̀, ó ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ayọ̀ kún ojú rẹ̀ bámúbámú. Kò mọ̀ pé Lọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú kámẹ́rà.

Ẹ má bi mí ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Dókítà ni Títílọpẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù lórí aláìsàn, ṣùgbọ́n ní ti ọbẹ̀, àfi kí Ọlọ́run ṣàánú wa. Omi lásán ń jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Akínfẹ́mi ló ń dáná nílé wọn ní àdúgbò Bertrams, òun ló ń lọ sí Joubert Park lọ ra ẹ̀wà àti ewé, á ní òun fẹ́ lọ rí oníbàárà kan. Síbẹ̀, gbogbo ìjọ ló ń yin mọ́ínmọ́ín Dókítà.

Ohun tó fa irọ́ yìí ni Màmá Iléṣà, ìyá Akínfẹ́mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, màmá di etí ìyàwó mú níwájú àwọn ẹbí, ó ní, "Mi ò bí ọmọkùnrin kó lọ máa dáná fún obìnrin o. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé Akínfẹ́mi wọ kíṣìnnì, ọjọ́ náà ni mo máa kó o padà wálé." Ọ̀rọ̀ náà wọ tọkọtaya lára. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ kíṣìnnì pamọ́.

Ṣé ẹ wá rí i, Màmá Iléṣà ti wà lọ́dọ̀ wọn láti oṣù tó kọjá! Bí màmá bá wọ balùwẹ̀, Akínfẹ́mi á kó sí kíṣìnnì. Bí màmá bá jáde, á bọ́ ìró, á de táì. Títílọpẹ́ á wá gbé oúnjẹ lórí ìkúnlẹ̀. Màmá á jẹ, á lá ìka, á gbé àdúrà kalẹ̀: "Ìyàwó mi, wàá jèrè ọmọ. O ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ."

"Àmín, Mà."

"Báwo lo ṣe ṣe é tó fi rọ̀ tó báyìí?"

"Mo... mo rọra ṣe é ni, Mà."

Ojú Títílọpẹ́ á sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni Màám Mokoena ti yan fọ́tò Lọ́lá pé òun ni wọ́n máa gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ní fífẹ̀ bí ilẹ̀kùn, lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá wòran. Wọn ò yan nǹkan Lọ́lá rí láyé. Kò lè sáré, kò lè kọrin, ìṣirò ń gbé e ṣubú. Ó dé ilé, ó ń fò sókè. Bàbá rẹ̀ wo fọ́tò náà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó tún funfun.

"Yéèpà! Lọ́lá, ọmọ mi, jọ̀ọ́, yọ ọ́. Ya mí níbi tí mo ti ń ka Bíbélì."

"Eish, Daddy! Every visitor sees that one!"

Ni fọ́tò náà bá dúró. Wọ́n wá pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún màmá. Ṣùgbọ́n ẹnu Lọ́lá kò lè pa ayọ̀ mọ́. Ó sọ fún màmá pé wọ́n yan fọ́tò òun, kò kàn sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Wọ́n yan fọ́tò ọmọ ọmọ mi, kí n jókòó sílé? Ẹ gbé gèlè mi wá!"

Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn, Akínfẹ́mi ti sáré ṣíwájú, ó ti fi ẹ̀yìn bo fọ́tò náà, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dúró de gbígbámọ́ra. Àwọn òbí ń kí i, kò kúrò. Wọ́n ní kó wá mu ohun tútù, ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Títílọpẹ́ ń fa màmá lọ sọ́dọ̀ ajá orí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo èèyàn ń kọjá lọ, wọ́n ń wo iṣẹ́ àwọn ọmọ yòókù.

Lọ́lá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n yàn fún un láyé, kóòtù bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń rí.  Omi lé ròrò sí i lójú.

Akínfẹ́mi rí omi náà. Ó wo ìyá rẹ̀ lókèèrè, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀.

Màmá Iléṣà yíjú padà. Ó rọra rìn wá. Gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Akínfẹ́mi ti dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù, Títílọpẹ́ ti kúnlẹ̀. Màmá na ìka sí ewé inú fọ́tò.

"Ìdí ewé tó o ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì yìí, ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Mà. Ẹ dárí jì mí."

"O rò pé n ò mọ̀? Ọjọ́ tí mo dé, tí mo tú èyí àkọ́kọ́, mo ti mọ̀. Ṣé ẹnu mi ó gbàgbé ọwọ́ ara mi ni? Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí ẹ ó bá irọ́ náà dé ni."

"Mà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn ńkọ́?" ni Akínfẹ́mi bi í.

"Ìyá ọkọ wo ni kì í sọ ọ́? Ẹnu lásán ni." Ó kọjú sí Títílọpẹ́. "Ṣùgbọ́n ìwọ, ìyàwó, gbogbo àdúrà tí mo ti gbà lórí mọ́ínmọ́ín, dá a padà. Mo fẹ́ gbé e fún ẹni tó ni ín."

Títílọpẹ́ gbé orí sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mo ti ṣe àmín sí i."

Ẹ̀rín ni màmá bú sí, tó fi di ògiri mú. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó wé e fún Akínfẹ́mi níwájú gbogbo èèyàn, ó fà á mọ́ra. "Lọ́lá, yà wá."

Lọ́lá gbé kámẹ́rà. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Èyí o, àlejò kò gbọdọ̀ rí i."

"Shap, Daddy, mo ti gbọ́," ni Lọ́lá wí, ó sì ti ń wo ògiri tí yóò gbé e kọ́.