Ẹsẹ̀ Òṣìṣẹ́ Kò Wọ Ìwé

Odidi ọdún mẹ́ta ni ìwé kékeré inú àpótí orí òkè ti wà níbẹ̀, kò sì sí orúkọ arìnrìn-àjò kankan nínú rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń tún ara rẹ̀ sọ láti ojú ewé kan dé èkejì: "Mo ti yẹ ọ̀nà wò, ó mọ́." Obìnrin tó kọ ọ́ náà ló gbé ìwé ọ̀hún sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tí oṣù parí, tó gbé e ka orí tábìlì ní ọ́fíìsì, tó sì jókòó tì í.

Òun ni olùtọ́jú ọ̀nà fún ìgbìmọ̀ àfonífojì náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ igbó, odò àti orí òkè ibẹ̀ di ilẹ̀ ààbò, àwọn ará abúlé máa ń yan ẹni méje láàárín ara wọn tí yóò máa pinnu ibi tí èèyàn lè dáko sí, ibi tí wọ́n lè ṣẹ́gi, àti ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà. Ọ̀nà mẹ́sàn-án ló wà nínú àkọsílẹ̀. Àpótí onígi kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé àti pẹ́ńsù wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá yóò kọ orúkọ àti ọjọ́. Òfin tó dè wọ́n kò lọ́jú pọ̀: ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò bá rìn fún ọdún mẹ́ta gbáko, wọn yóò tì í, igbó yóò sì gba ohun tirẹ̀ padà.

Màdáámù Dédé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Dédé aago mẹ́jọ ló ń ṣí géètì àfonífojì, dédé aago mẹ́rin ló ń tì í. Ẹ̀yìn lẹ́tà àtijọ́ ló fi ń ṣe ìṣirò. Pẹ́ńsù tó ti kúrú bí ìka ọmọ ọwọ́, yóò ní kí wọ́n má sọ ọ́ nù, ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú rẹ̀.

Ìyá Olóyin, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méje náà, ló kọ́kọ́ bá a níbẹ̀. Ilé oyin rẹ̀ mẹ́rìnlá wà létí odò, àwọn méjèèjì sì ti jọ jókòó sí bẹ́ǹṣì kan náà rí nílé ìwé.

"Dédé, kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí? Ṣé aago ògiri ló kú ni?"

"Aago ò kú. Ọ̀nà ló kú."

"Èwo nínú wọn?"

"Ti orí òkè."

Ìyá Olóyin rọra gbé ìgò oyin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀nà tó mọ́ jù nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán? Èyí tí o máa ń ro bí ẹni tó ń retí àlejò?"

"Ó mọ́. Ẹnì kankan ò gbà á."

"Ìwọ ńkọ́? Ìgbà mẹ́fà lọ́dún lò ń gùn ún. Àbí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ni tìẹ?"

"Ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ kò wọ ìwé."

"Òfin ta nìyẹn?"

"Tèmi."

Ìyá Olóyin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lóòótọ́ sì ni. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀nà etí odò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ nígbà ogójì láàárín oṣù kan, kí wọ́n lè rò pé èrò ń wọ́ níbẹ̀. Dédé ló mú un. Dédé náà ló kọ òfin tó tẹ̀ lé e: ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ kò sí nínú kíkà, ì báà wọ aṣọ iṣẹ́, ì báà má wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó ti di gbogbo ihò tí eku lè gbà, kò rántí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun gan-an yóò máa wá ihò.

"Ìwọ lo hun àwọ̀n, ìwọ ló mú," ni Ìyá Olóyin wí. Lẹ́yìn náà ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú tirẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni, àbí?"

Dédé fa ìwé náà mọ́ra.

"Ọdún kọkànlélógún rèé, Dédé."

"Mo mọ iye rẹ̀."

Ìyá Olóyin na ọwọ́. "Gbé ìwé yẹn wá, kí n kọ orúkọ mi sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ta ló fẹ́ bi mí léèrè? Oyin ni mo lọ wá lókè."

"Ṣé o lọ?"

"Orúnkún tèmi yìí? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló ń gbé mi lọ." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ronú sí i. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé."

Nígbà tó lọ tán, Dédé ṣí ojú ewé ọjọ́ kejìlélógún. Funfun ni. Àyè wà níbẹ̀ fún orúkọ mẹ́wàá. Ó mú pẹ́ńsù, ó gbé e lé bébà, kò sì kọ nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn ló ń wò.

Ilé mẹ́rin ló wà lókè nígbà náà, lẹ́bàá ìsun omi, ọ̀kan nínú wọn sì ni ilé bàbá wọn. Àwọn òbí wọn ti kú, òun ti sọ̀kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló kù nínú ilé náà. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ pinnu pé kí àwọn ilé mẹ́rin náà kó sísàlẹ̀, nítorí ìsun omi tí gbogbo àfonífojì ń mu. Wọ́n wá ẹni tí yóò gbé lẹ́tà lọ. Dédé ní òun yóò gbé e, ó rò pé yóò dùn létí wọn bó bá ti ẹnu ọmọ ilé jáde.

Kò dùn. Àbúrò rẹ̀ kà á tán, ó ká a sí mẹ́rin. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ gbé e wá?" Ìyẹn nìkan ló kọ́kọ́ sọ. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì kọjú sí ẹ̀yìn òkè, níbi tí ọ̀nà ti sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé títì ọkọ̀ ní apá kejì. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó yíjú padà. "Ọjọ́ tí mo bá ń bọ̀, orí òkè yìí ni mo máa gbà. N ò ní gba ẹnu géètì yín láéláé!"

Gbogbo ènìyàn tó gbọ́ ló gbọ́ ìbínú níbẹ̀. Ohun tí Dédé mú nínú rẹ̀ ni "ọjọ́ tí mo bá ń bọ̀." Ó tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó tọ́jú irúgbìn fún ọdún tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń ro ọ̀nà yẹn, tó ń gbé òkúta tí àgbàrá bá wọ́ wá kúrò, tó ń tún àtẹ̀gùn onígi tó wà níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kàn. Bí ó bá ń bọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kọ.

Àdírẹ́sì àbúrò rẹ̀ kò ṣàì sí lọ́wọ́ Dédé o. Ọdún kọkànlá rèé tí àǹtí wọn ti rí i nílùú tó jìnnà kan, tó sì kọ ibi tó ń gbé ránṣẹ́. Dédé fi bébà náà sí ẹ̀yìn àkọsílẹ̀ ńlá. Kò kọ̀wé sí i. Kí ni èèyàn fẹ́ kọ? Ọ̀nà wà ní ṣíṣí, àbúrò rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ó gbé pẹ́ńsù kúrò lórí ojú ewé funfun náà, ó pa ìwé dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn méje jókòó yí tábìlì gígùn ká, fèrèsé ṣí sílẹ̀, òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ń wọlé. Alága wọn jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ́ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ní ìṣirò. Ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ ẹranko kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àgbọ̀nrín ti padà sórí òkè, pé wọ́n ń bímọ sẹ́bàá ìsun omi, pé bí ọ̀nà ibẹ̀ bá lè sinmi, ẹ̀rù kò ní máa bà wọ́n.

Alága yí ojú sí Dédé. "Olùtọ́jú, kí ni ìwé wí?"

Kó tó lanu, bàbá náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó lè jẹ́ pé òjò ba ojú ewé kan jẹ́ o. Òjò máa ń ba ìwé jẹ́."

Ìyá Olóyin wúkọ́. Gbogbo ojú wà lára Dédé. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí fún òun, àti pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣí i.

"Òjò ò bà á jẹ́, sà. Mo fi rọ́bà bò ó." Ó ti ìwé náà síwájú. "Kò sí ẹnì kankan."

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ mẹ́fà gbéra. Ti Ìyá Olóyin wà lórí itan rẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dédé mi orí sí i pé kó gbé e, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè bí ẹni tó ń gbé òkúta.

Nígbà tí àwọn yòókù ti jáde, Alága dúró lẹ́yìn, ó ń wá gíláàsì tó wà lójú rẹ̀. Ó rí i, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, àbúrò rẹ yẹn, ta ni yóò sọ fún un pé a ti ti ọ̀nà?"

"Sà, kò mọ̀ pé ó wà ní ṣíṣí. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé a ti tì í?"

Ó ti sọ ọ́ tán kí etí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Bàbá náà fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Dédé gun òkè pẹ̀lú òòlù àti ìfàṣó láti tú pátákó tó ń tọ́ka ọ̀nà àti àpótí. Kò yára. Ilé bàbá wọn ku ògiri mẹ́ta, igi kan ti hù níbi tí bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn máa ń wà. Omi ṣì ń sun lẹ́bàá rẹ̀, ó tutù bí ó ṣe máa ń tutù nígbà tí àwọn méjèèjì ń bù ú sí ara wọn lójú. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ó rí i nínú ẹrẹ̀, lójú ọ̀nà tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro: ipasẹ̀ àgbọ̀nrín, ńlá kan, kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ń gba àtẹ̀gùn rẹ̀ gun òkè. Àwọn kan ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò kàn lè kọ orúkọ ni.

Ó tú pátákó. Ó tú àpótí. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí kì í ṣe lẹ́nu iṣẹ́: ó jókòó. Ní apá kejì òkè, títì ọkọ̀ tín-ín-rín lọ bí okùn, bọ́ọ̀sì kan ń lọ lórí rẹ̀, ó kéré bí èèrà. Ó wò ó títí ó fi wọ inú igi. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń wo títì náà láti ibí. Gbogbo àkókò yẹn, gbogbo ọkọ́ àti àdá yẹn, ó fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ níbi tí onítọ̀hún kò ti lè gbọ́. Òun tí kì í fi pẹ́ńsù ṣòfò!

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó mú àdírẹ́sì jáde láti ẹ̀yìn àkọsílẹ̀. Ó kọ̀wé sẹ́yìn bébà àtijọ́, ó kún ojú ewé méjì. Ó kà á, ó fagi lé gbogbo ibi tó ti ń dá ara rẹ̀ láre, kò sì kù púpọ̀. Ó wá mú bébà tuntun, funfun, tí ẹnì kankan kò tíì lò rí, ó kọ ìyókù síbẹ̀:

"Àbúrò mi,

Wọ́n ti ti ọ̀nà orí òkè. Èmi ni mo jẹ́rìí pé kí wọ́n tì í, nítorí ẹnì kankan kò gbà á fún ọdún mẹ́ta. Èmi náà ni mo gbé lẹ́tà ìjọ́sí wá. Ó yẹ kí n ti bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ọ́.

Omi wa ṣì ń sun. Àgbọ̀nrín ti bímọ síbẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Jọ̀wọ́, gba ẹnu géètì. Aago mẹ́rin ni mo máa ń tì í, ṣùgbọ́n bí o bá pẹ́, n ò ní tì í. Kò sí ìwé tí wàá fọwọ́ sí."