Ọ̀rá Ọ̀rọ̀bọ̀ Nínú Yìnyín

“Sún sẹ́yìn, jọ̀ọ́. O ti ń mí sí mi lọ́rùn.”

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò náà ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lẹ́nu awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, ó tún sún padà. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó bá wá láti ara ẹbí rẹ̀, ọ̀rá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó di àlejò níbi iṣẹ́ ara rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì gbà á.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n náà. Nígbà tó ṣì sanra, tí gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ọ̀rọ̀bọ̀, wọ́n yọ ọ̀rá díẹ̀ níkùn rẹ̀ fún ìwádìí, wọ́n sì fi í pa mọ́ sínú yìnyín. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná bó o lọ́wọ́ ọ̀tún, àpá sì so ìka rẹ̀ pọ̀. Dókítà fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tó máa ń wà nínú ọ̀rá, gbìyànjú lábẹ́ àpá náà bóyá awọ á rọ̀. Àmọ́ àìsàn ti sọ Ọ̀rọ̀bọ̀ di lẹ́pa, kò sí ọ̀rá tí wọ́n lè yọ mọ́. Ó ti sú u débi pé ó ní òun kò fẹ́ rí dókítà kankan mọ́. Ọ̀rá ọjọ́sí yẹn ni wọ́n wá yọ kúrò nínú yìnyín, wọ́n sì kó sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sínú abọ́ kan; bí yìnyín bá ti pa wọ́n, ó parí nìyẹn.

“Ọ̀gá, ṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dì mọ́ ìdí abọ́ ni, àbí wọ́n kàn léfòó?” Èyí tó bá kú ló máa ń léfòó.

“Fara balẹ̀. O ń ṣe bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.” Ọ̀gá dìde. “Wá wò ó. Ojú nìkan o.”

Ó wò ó. Wọ́n dì mọ́ ìdí abọ́ gbágbáágbá, wọ́n na apá síra wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ ti ń pín sí méjì. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó dì mọ́ ọ̀gá rẹ̀.

“Ó tó, ó tó,” ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. “Lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Ó sáré bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n yè.”

“Àwọn wo ló yè?”

“Sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá yín. Yìnyín ò pa wọ́n.”

“Ṣé ọwọ́ mi á na nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. “Mi ò lè ṣèlérí. Wọ́n á dán an wò ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n á fi dán an wò ti wà.”

Ẹ̀gbọ́n tún bi í pé:

“Kí lẹ ń fún wọn jẹ?”

“Omi olóúnjẹ kan ni. À ń pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn.”

“Ẹ fún wọn dáadáa o. Ọmọ ilé wa kì í jẹun díẹ̀.” Ó fọn imú. “Sọ fún dókítà pé mò ń bọ̀.”