Ọ̀nà Ojú Sánmà láti Yola

Fàthíà kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. Inú ilé ló ti kàwé, lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, Bàbá Àlàó. Etí rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí Bàbá Àlàó dákẹ́ nílé wọn ní Ìgàndó, òun ni gbogbo ojú yí sí.

“Fàthíà, ìwọ tó o mọ fóònù tẹ̀,” ni Ìyá Sìkírátù, àbúrò olóògbé, wí, “láti Yola tí Nùrẹ́nì wà dé Èkó níbí, báwo ló ṣe jìnnà tó nínú bàlúù?”

Nùrẹ́nì ni àkọ́bí. Bàbá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Nùrẹ́nì ni kó wọ inú sàréè gba òkú òun. Ṣùgbọ́n òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí Nùrẹ́nì ò bá lè tètè dé, Alùfáà ní lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni àwọn máa sin ín.

Fàthíà tẹ fóònù. Ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Yola sí Ìkẹjà, ó nà tàn-ìn bí okùn ìsáṣọ. Kò wò ó bóyá bàlúù kankan ń gba ojú ìlà yẹn.

“Wákàtí kan ààbọ̀ ni, mà.”

“Áà! Ẹni tó ń lọ Ìyànà Ìpájà láti ibí lọ́jọ́ Mọ́ńdè ò tíì ní dé, jàre!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ẹkún. Wọ́n ní kí Nùrẹ́nì máa bọ̀, wọ́n sún ìsìnkú di ẹ̀yìn Aláásàrí. Inú Fàthíà dùn, àgbà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ọ̀sán pọ́n. Wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, ni Nùrẹ́nì pè.

“Abuja ni wọ́n sọ̀ wá sí o. Bàlúù òmíràn la máa wọ̀, kò sì tíì dé.”

Ooru mú nínú yàrá náà. Kò sẹ́ni tó bá Fàthíà wí, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wò ó. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó bá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sórí Bàbá tí ò nílò atẹ́gùn mọ́.

Aláásàrí kọjá. Oòrùn ń wọ̀. Alùfáà ní òun ò lè dúró mọ́. Abdulganiyy, àbúrò Nùrẹ́nì, ló wọ inú sàréè tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìnkùlé.

Wọ́n ń tẹ erùpẹ̀ mọ́lẹ̀ ni Nùrẹ́nì wọlé, tòun ti báàgì léjìká.

“Ta ló ní mo lè dé kí wọ́n tó kírun Aláásàrí?” Ohùn rẹ̀ há. “Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ sin ín lọ́sàn-án. Ẹ wá tẹ́ Bàbá sínú ooru nítorí tèmi!”

“Èmi ni, ọmọ mi,” ni Ìyá Sìkírátù dáhùn. “Kí làgbà mọ̀ nípa bàlúù?”

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé Fàthíà mì. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá Yola, ẹ má bá Ìyá wí. Ẹnu mi lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Mi ò mọ̀ ọ́n, ojú ló tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀.”

Nùrẹ́nì sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

“Lọ gbé búùtà wá, kí n ṣe àlùwàlá.”

Fàthíà da omi sí i lọ́wọ́. Omi ń dà sí bàtà ìrìn àjò ọkùnrin náà. Nùrẹ́nì kọjú sí Gábàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó ń dá kírun sí bàbá rẹ̀ lára. Búùtà òfìfo wà lọ́wọ́ Fàthíà, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.