Ògiri Tí Wanda Kò Jẹ́ Kí N Fọ̀

Kí n tó fẹ́ Wanda ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé bí nǹkan bá dun àwọn ọmọ Sabol, ìyẹn ìdílé rẹ̀, wọn kì í sọ ọ́, wọ́n kàn máa ń ṣe nǹkan ni. Mo rò pé àwàdà ni. Mo ti darúgbó báyìí, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Ilé kan ṣoṣo ni ilé wa àti ti Bernadine, ẹ̀gbọ́n Wanda. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ìloro méjì, ògiri kan ló sì là á sí méjì láàárín, bíi gbogbo ilé tí àwọn eléèédú kọ́ sí Kettle Patch láyé àwọn baba wa. Bàbá wọn ló fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdajì. Láti ọjọ́ tí a ti fi ike funfun bo ara ilé náà, àwọn pátákó ike gígùn tí wọ́n kàn ní ìpele ìpele bí ìpẹ́ ẹja, èmi ni mò ń fọ gbogbo rẹ̀, tiwa àti ti Bernadine, kí ọdún Àjíǹde tó dé. Ládùúgbò wa, bí o bá gbé agbọ̀n oúnjẹ Àjíǹde lọ kí fádà bù kún un, tí ara ilé rẹ sì dọ̀tí, wọ́n á wò ọ́ bíi pé pátá nìkan lo wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo sì mọ iṣẹ́ náà. Ìsàlẹ̀ la ti ń fi ọṣẹ àti bílíìsì pa á lọ sókè, kí ọṣẹ má baà ṣàn sílẹ̀ kó fi ìlà sára ike. Òkè la ti ń fi omi ṣàn án wá sílẹ̀. Rọ́bà omi kò gbọdọ̀ kọjú sókè, torí omi á gba abẹ́ pátákó wọnú ògiri. Stan Krupa tó ń gbé ní òdìkejì títì kọjú tirẹ̀ sókè lọ́dún kan, olú sì hù sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Bernadine gbé pátákó pé ilé fẹ́ẹ́ tà síwájú ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Carolina ń kọ́ yàrá kan mọ́ ilé tirẹ̀ fún un, nísàlẹ̀, kó má baà máa fi orúnkún tó ń ro ó gun àtẹ̀gùn mọ́. Wanda wo pátákó náà láti ojú fèrèsé. Ó lọ gé kábéèjì.

Nígbà tí mo gbé garawa àti búrọ́ọ̀ṣì jáde, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Ògiri ni mo fẹ́ fọ̀."

"Fọ ti Bernadine. Má fọwọ́ kan tiwa."

"Kí ló dé?"

"Bílíìsì rẹ ń pa òdòdó mi."

Òdòdó wo? Àríwá ni iwájú ilé wa kọjú sí, oòrùn kì í dé ibẹ̀, ebu aláwọ̀ ewé nìkan ló ń hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá ọmọ Sabol gbé pẹ́ á ti mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́. Mo fọ ti Bernadine, mo sì dúró síbi tí tirẹ̀ parí sí.

Ẹ wá wo ìdọ̀tí lójú mọmọ. Apá kan funfun báláú, apá kejì aláwọ̀ ewé bí ọ̀pọ̀lọ́, ìlà gbọọrọ kan sì wà láàárín. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ òsì, kí òsì wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ lè mọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ilé tiwa wẹ̀. Stan Krupa jókòó sí ìloro rẹ̀ pẹ̀lú bíà, ó ń wò mí.

"Gene, ṣé ọṣẹ ló tán ni, àbí ìyàwó ló lé ọ?"

"Gbájú mọ́ bíà rẹ."

"Ó kù díẹ̀ kí ewúrẹ́ máa wá jẹ ilé rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé òótọ́ ni. Àwọn tó fẹ́ ra ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á wo ti Bernadine, inú wọn á dùn. Wọ́n á wá wo tiwa, ojú wọn á yí padà. Bóyá wọ́n rò pé ebu náà á gba àárín ògiri wọlé tọ̀ wọ́n, bóyá wọ́n rò pé irú èèyàn tó ń gbé níbẹ̀ á máa tọ́jú òkú sínú àjà. Ọkọ̀ wọn ni wọ́n máa ń padà sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òjò ò rọ̀, síbẹ̀ ebu náà ń gbòòrò sí i, ó tún wá ń rùn kíkan. Mo sì ń rí páálí wàrà kíkan nínú ìdọ̀tí wa, irú èyí tí Wanda fi ń ṣe kéèkì, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí kéèkì kankan jẹ.

Ní Sọ́ńdè kan, Wanda ní orí ń fọ́ òun, kí n máa dá lọ sí Máàsì. Mo dé ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó rántí pé mo gbàgbé awò ojú mi sílé, ni mo bá padà. Ìyàwó mi ni mo bá lórí àkàbà nínú aṣọ tó fi sùn. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń fi bọ́tà pa pierogi, oúnjẹ oníyẹ̀fun wa, lọ́wọ́, ó ń fi kun ògiri. Inú abọ́ tó gbé dání, wàrà kíkan ló wà níbẹ̀, ó ti po ebu tó họ lẹ́yìn ilé èédú mọ́ ọn kó lè hù sára ike.

"Wanda."

Kò wẹ̀yìn. "O ti pẹ́ sí Máàsì."

"Kí lò ń ṣe?"

"Ojú ẹ ò fọ́."

"Ṣé búrọ́ọ̀ṣì tó o fi ń se oúnjẹ mi nìyẹn?"

"Mo máa ń fọ̀ ọ́."

Mo di àkàbà mú torí pé ó ń mì. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ìgbà yẹn ló tó wolẹ̀, mo sì rí i pé ó ti sunkún.

"Bí kò bá sẹ́ni tó rà á, kò ní lọ," ló wí. "Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí màmá wa kú. Bernadine ló ń di irun mi. Mi ò tíì sùn níbi tí kò sí rí, Gene."

"Sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé kó má lọ."

Ó wò mí bíi pé mo ní kó bọ́ra sílẹ̀ lójú títì. "Máa lọ sí Máàsì," ló sọ.

Mo lọ. Mo gbàdúrà kí òjò ńlá rọ̀. Kò rọ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Bernadine kan ilẹ̀kùn wa. Láti ìgbà tó ti gbé pátákó síta, èmi ni òun àti Wanda fi ń ṣe wáyà tẹlifóònù.

"Gene, nọ́ọ̀sì kan àti ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ wá wo ilé ní Sátidé. Ṣé wàá fọ ògiri yẹn, àbí kí n fọ̀ ọ́?"

"Sọ fún un pé ògiri mi ni," Wanda sọ láti kíṣìnnì.

"Sọ fún un pé ẹ̀gbin ẹ̀ ni."

"Sọ fún un pé bó bá wù mí, kó di igbó."

Bernadine ò dúró kí n sọ ọ́. Ó lọ gbé àkàbà mi, ó gbé garawa mi, ó sì gùn ún, tòun ti orúnkún. Mo sáré di àkàbà mú. Wanda já jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Sọ̀ kalẹ̀. Wàá ṣubú."

"Kí n ṣubú. Wàá fọ ẹ̀jẹ̀ mi kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ á sì mọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Láìpẹ́ ó dúró. Ó fi ìka nu ara pátákó, ó gbé e sí imú. Òun náà ló kọ́ Wanda ní kéèkì.

"Wàrà kíkan rèé," ló sọ.

Wanda ń wo bàtà rẹ̀.

"Ṣé kí n má baà lọ ni?"

Wanda mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Òmùgọ̀." Kò pariwo rẹ̀. "Mo gbé pátákó síta, o lọ ń gé kábéèjì. Mo rò pé o fẹ́ kí n máa lọ. Mo ń retí kó o sọ̀rọ̀. Mo retí ẹ títí ọmọ yẹn fi kan òrùlé mọ́ yàrá."

"Má lọ," Wanda ní.

"Sọ ọ́ sókè. Etí mi ò gbọ́ran dáadáa mọ́."

"Mo ní má lọ, Bernadine. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é láìsí ẹ."

Lódìkejì títì, Stan Krupa gbé bíà rẹ̀ sílẹ̀. Bernadine fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú, ó sì bú àwọn ẹni mímọ́ bíi mélòó kan tí wọn ò ṣẹ̀ ẹ́.

"Ó dùn mọ́ mi pé mo gbọ́ ọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́. Ìdí ni mo fi ń gùn ún lálẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Mo ní láti lọ, Wanda. Àkàbà yìí gan-an, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ̀ ọ́."

Èmi àti Wanda la jọ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì. Wanda wá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe yẹ, Bernadine sì jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó ń nàka síbi tó bá fò, Wanda á sì padà lọ fọ ibẹ̀. Nígbà tó parí, a ò mọ ibi tí tiwa ti pàdé tirẹ̀ mọ́.

Ní Sátidé, nọ́ọ̀sì náà àti ọkọ rẹ̀ dúró sójú títì, wọ́n wo ilé láti òpin kan dé òpin kejì. Wọn ò tíì wọlé tí ọkùnrin náà fi sọ pé àwọn máa rà á. Èmi àti Wanda wà ní ìloro wa.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ aládùúgbò wa?" nọ́ọ̀sì náà bi Wanda. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé yín mọ́ gan-an."

Wanda ní ẹ ṣé, ó sì wọlé.